Pípé àti Jíjọ: Iṣẹ́ tí Àpéjọ Ń Ṣe Láàárín Wa Nígbà Àjàkálẹ̀-Àrùn

  

1. Ìfáárà

Ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àwùjọ ké sí pé kí ó wá sọ̀rọ̀ lórí àjàkálẹ̀-àrùn. Èmi kì í ṣe oníṣègùn, n kò sì kọ́ iṣẹ́ tí tẹrú-tọmọ ń pè ní wẹ́fíà. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n mo gbà pé bí ìṣòro kan bá ta kókó, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ọ́ wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni èdè wa ti mọ ohun tí àwa tí a ń sọ ọ́ ti gbàgbé.

Ní agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30, oṣù kẹta, ọdún 2020, ni àṣẹ kónílé-ó-gbélé tí ìjọba àpapọ̀ pa bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìpínlẹ̀ Ògùn àti Àbújá. Ọjọ́ 4, oṣù karùn-ún, ọdún náà ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ilé ìsìn ní Èkó kò ṣí títí di oṣù kẹjọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò sì kéde pé pàjáwìrì kòrónà ti dópin káàkiri ayé títí di ọjọ́ 5, oṣù karùn-ún, ọdún 2023. Ní gbogbo àsìkò yìí, ohun tí òfin kọ́kọ́ gbé lé ni àpéjọ: ìjọ, ọjà, ìnáwó, ìsìnkú, ìpàdé àdúgbò.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni èyí: kí ni a pàdánù gan-an nígbà tí a kò lè péjọ mọ́? Bí àrùn mìíràn bá sì dé, èwo nínú rẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ tún pàdánù?

2. Kí ni à ń pè ní àpéjọ?

Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó wà nínú rẹ̀, 'pé' àti 'jọ'. Bí nǹkan bá pé, kò kù síbì kan: owó pé, oṣù pé, ọjọ́ pé. Bí àwọn ènìyàn bá jọ ṣe nǹkan, wọ́n wà papọ̀ ni wọ́n ṣe é. Àpéjọ, nígbà náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ èrò púpọ̀ lásán. Èrò lè kún ibùdókọ̀ Ìkòtún bámúbámú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní àpéjọ, nítorí pé bí ẹnì kan kò bá sí níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Nígbà tí a bá sọ pé àwọn ènìyàn péjú-pésẹ̀, ohun tí à ń sọ ni pé ojú tí ó yẹ kí a rí, a rí i.

Ẹ wo ìpàdé ẹbí. Kí olórí ẹbí tó la ẹnu, yóò bèèrè pé, "Ṣé a ti pé?" Bí a kò bá tíì pé, yóò bèèrè ẹni tí ó kù, a ó sì rán ọmọdé lọ sí ilé rẹ̀. Ẹ wo ọjà. Bí ìsọ̀ obìnrin kan bá wà ní títì fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn tí wọ́n jọ pààlà ìsọ̀ yóò bèèrè rẹ̀. Ẹ wo alájọ tí ń gba owó kiri láti ìsọ̀ dé ìsọ̀: kò sí ìgbìmọ̀ tí ó yàn án, ṣùgbọ́n òun ni ó máa ń kọ́kọ́ mọ ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà mọ́.

Lójú tèmi, iṣẹ́ tí ó jinlẹ̀ jù tí àpéjọ ń ṣe láwùjọ Yorùbá ni kí a mọ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo wá sọ lónìí kò sì jù báyìí lọ: àjàkálẹ̀-àrùn lè gba jíjọ lọ́wọ́ wa, ó sì tọ̀nà kí a yọ̀ǹda rẹ̀ nígbà náà, nítorí pé ẹ̀mí dùn ju ayẹyẹ lọ, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó gba pípé. Ibi tí a bá ti mú jíjọ kúrò tí a kò sì fa pípé lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, wàhálà ni yóò gba ibẹ̀ wọlé.

3. Ẹ̀rí láti ayé àtijọ́

Àwọn baba wa mọ̀ pé àrùn kan wà tí a kì í jọ wà nítòsí rẹ̀. Bí ilẹ̀ẹ́gbóná bá wọ ìlú, a kì í dárúkọ rẹ̀ ní gbangba. Ẹni tí ó bá pa, ẹbí kì í ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí a ti ń ṣọ̀fọ̀ òkú mìíràn. Àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀nná ni ń gbé òkú náà lọ sin, àwọn náà ni ó sì ń kó ẹrù olóògbé lọ. Ọgbọ́n wà nínú ètò yìí, nítorí pé ó mú òkú àti aṣọ tí àrùn ti bà jìnnà sí àwọn tí ara wọn le. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ó gbà lọ́wọ́ ẹbí. Wọn kò lè jẹ́rìí òkú ara wọn, wọn kò sì lè bèèrè ibi tí ẹrù rẹ̀ wọlẹ̀ sí. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti lè bèèrè ọ̀rọ̀, ìwà ìrẹ́jẹ kì í pẹ́ dé. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn òyìnbó àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá, wọ inú ẹgbẹ́ náà kí ó lè mọ ohun tí ń lọ níbẹ̀. Ìwádìí rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba amúnisìn fi òfin de ẹgbẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá.

Ẹ̀rí kejì wá láti ọdún 1918. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni àrùn ọ̀fìnkìn burúkú tí ó ń jà ká gbogbo ayé bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó, tí ó sì bá ọkọ̀ ojú irin àti ẹsẹ̀ àwọn oníṣòwò wọ àárín ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ni ó kú ní Nàìjíríà. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nínú ìjọ Áńgílíkà Saint Saviour's, àwọn díẹ̀ kan kóra jọ láti máa gbàdúrà. Joseph Sadare jẹ́ aṣáájú wọn, olùkọ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Sophia Odunlami sì wà pẹ̀lú wọn. Láti inú ẹgbẹ́ kékeré yìí, tí a mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, ni ọ̀kan nínú àwọn orísun ìjọ Aládùúrà ti ṣàn wá. N kò wá jiyàn ẹ̀sìn níbí. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé nígbà tí ikú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí àwọn ilé ìwòsàn kò sì ní oògùn fún un, àwọn ènìyàn kò fọ́n ká. Wọ́n dá àpéjọ kékeré sílẹ̀, níbi tí a ti mọ ara ẹni ní orúkọ, tí a sì ti mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

4. Ẹ̀bólà: nígbà tí ẹsẹ̀ rọ́pò ìjókòó

Ní ọjọ́ 20, oṣù keje, ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan gbé àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó láti Làìbéríà. Ogún ènìyàn ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ sì kú nínú wọn. Dókítà Ameyo Adadevoh, tí kò jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ náà jáde sí ìgboro, wà lára àwọn tí ó fi ẹ̀mí wọn dí i. Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò ní orílẹ̀-èdè wa.

Báwo ni ìlú tí ó kún tó Èkó ṣe bọ́ nínú rẹ̀? Wọ́n wá orúkọ gbogbo ẹni tí ó fara kan aláìsàn, ó jẹ́ 894. Wọ́n ń bẹ àwọn wọ̀nyí wò nílé fún ọjọ́ 21, wọ́n ń wo bí ara wọn ṣe gbóná sí. Ìbẹ̀wò náà tó nǹkan bí 18,500. Ẹ rò ó wò: kò sí ẹni tí ó pe àwọn 894 yìí jọ sí gbọ̀ngàn kan, síbẹ̀ wọ́n pé. Lójoojúmọ́ ni ẹnì kan mọ ẹni tí a rí àti ẹni tí a kò rí. Ẹsẹ̀ àwọn tí ń rìn kiri ni ó ṣe iṣẹ́ ìjókòó.

Ìkòtún níhìn-ín kó ipa nínú ìtàn yìí. Ní ọdún náà, àwọn ènìyàn láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà ń wá gba ìwòsàn nínú ìjọ Synagogue, Church of All Nations. Ẹ̀rù wà pé aláìsàn Ẹ̀bólà lè gba ibẹ̀ wọ ìlú. Àwọn aláṣẹ ìlera lọ bá Wòlíì T. B. Joshua, tí ó ti di olóògbé ní ọdún 2021, wọ́n bá a sọ̀rọ̀, ó sì kéde fún àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pé kí àwọn tí ó wà ní àwọn ilẹ̀ tí Ẹ̀bólà ti ń jà má ṣe wá. Wọn kò fi agbára ti ìjọ náà pa. Wọ́n lọ bá ẹni tí àwọn ènìyàn ń gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní West Point, àdúgbò àwọn tálákà ní Monrovia. Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹjọ, ọdún 2014 kan náà, ìjọba Làìbéríà fi ọmọ ogun ká ibẹ̀ mọ́. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, ọta ìbọn sì pa ọmọdékùnrin kan. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi kó àwọn ọmọ ogun kúrò. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà tuntun jáde lórí òkú sísin, èyí tí ó fi àyè sílẹ̀ kí ẹbí àti olórí ẹ̀sìn kópa nínú ìsìnkú láìfọwọ́ kan òkú. Wọ́n ti rí i pé bí ẹbí kò bá lè jẹ́rìí òkú wọn, wọn yóò gbé òkú náà pamọ́, wọn yóò sì sin ín lóru. Ohun tí a mú kúrò ni ìfọwọ́kàn. Ohun tí a dá padà fún ẹbí ni ẹ̀rí.

5. Kónílé-ó-gbélé ní Alímọ̀ṣọ́

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọdún 2020. Gbólóhùn tí gbogbo wa fi pe òfin náà, kónílé-ó-gbélé, yẹ fún àtúpalẹ̀. Ó gbà láìwádìí pé ẹni tí à ń bá wí ní ilé tí ó lè gbé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, tí Ìkòtún wà nínú rẹ̀, ni èrò pọ̀ sí jù ní ìpínlẹ̀ Èkó nínú ìkànìyàn ọdún 2006, tí iye wọn lé ní mílíọ̀nù kan nígbà náà. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ayálégbé tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní yàrá kan, tí ìdílé mẹ́wàá sì ń lo ilé ìdáná kan àti kànga kan. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ilé gan-an ni àpéjọ. Ìta tí a ní kí ó má jáde sí ni ó ti ń rí afẹ́fẹ́, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń rí owó tí yóò fi jẹun lálẹ́.

Ìjọba mọ̀ pé ebi yóò wà. Ní ìparí oṣù kẹta, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde oúnjẹ fún 200,000 ìdílé, wọ́n sì ṣí ọjà kéékèèké sí ọgbà àwọn ilé-ìwé. Inú rere ni èyí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi 200,000 ìdílé wé gbogbo èrò Èkó, ó hàn gbangba pé oúnjẹ náà kò lè kárí. Níbi tí nǹkan kò bá ti lè kárí, ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù ni ta ni ó ṣaláìní jù. Àpéjọ àdúgbò ni ó máa ń dáhùn irú ìbéèrè yẹn, òun gan-an ni òfin sì ti fi dè.

Kí ni ó tẹ̀ lé e? Ní nǹkan bí ọjọ́ Àjíǹde, 12 oṣù kẹrin, ìròyìn tàn ká pé àwọn ọmọ ìta ń kó ara wọn jọ láti máa ja àwọn ènìyàn lólè. Ní Agége, ní Ìyánà-Ìpájà, ní Alímọ̀ṣọ́, títí dé Ọ̀tà àti Ìfọ̀, àwọn ọkùnrin tú jáde lóru pẹ̀lú àdá àti igi, wọ́n dáná sun táyà ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò, wọ́n sì ṣọ́ ilé mọ́jú. Àpéjọ tí òfin lé kúrò lọ́sàn-án ni ó padà wá lóru. Kò wọ ìbomú, kò takété síra, ìbẹ̀rù ni ó sì jẹ́ alága rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, lẹ́yìn rògbòdìyàn EndSARS, àwọn èrò já ilé ìkóùnjẹ-pamọ́-sí ní Mazamaza, wọ́n sì kó oúnjẹ ìrànwọ́ kòrónà tí wọ́n bá níbẹ̀ lọ. N kò gbè sẹ́yìn olè. Ṣùgbọ́n èrò tí ó rọ́ wọ ilé ìkóùnjẹ-pamọ́-sí jẹ́ àpẹẹrẹ jíjọ tí kò ní pípé nínú. Ẹni tí ó lágbára ni ó gbé àpò ìrẹsì lọ; ìyá arúgbó tí kò lè sáré kò rí nǹkan kan, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè rẹ̀.

6. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àwùjọ

Níbo ni àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí wà nígbà náà? Yunifásítì ti Nàìjíríà ní Nsukka ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà láti ọdún 1976, àwọn yunifásítì mìíràn sì ti tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 2020, ilẹ̀kùn méjì ni ó tì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjọba ti yunifásítì pa nítorí àrùn, ẹgbẹ́ ASUU náà sì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò parí títí di oṣù kejìlá. Òfin tí ó sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ amọṣẹ́dunjú ní orílẹ̀-èdè wa kò sì jáde títí di ọdún 2022. Nítorí náà, ní oṣù tí ìlú nílò wọn jù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wà ní ilé òbí wọn, wọ́n ń retí ọjọ́ ìwọlé.

Ìṣòro yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ yìí gbọdọ̀ ṣe wákàtí 400 láàárín àwọn ará ìlú kí ó tó gba oyè àkọ́kọ́, kí ó sì ṣe 900 kí ó tó gba oyè kejì. Nígbà tí kòrónà dé, ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso ẹ̀kọ́ náà gbà pé kí ẹni tí ó bá ti ṣe 340 tàbí 765 ti ṣe tó, wọ́n sì fi ọwọ́ sí i pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣiṣẹ́ láti ilé lórí tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà ń pe akẹ́kọ̀ọ́ àti ará àdúgbò jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Àwọn kan lè sọ pé ohun tí ó yẹ kí àwa náà ṣe nìyẹn. Ó dára níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Lórí fóònù, ẹni tí ebi ń pa lè sọ pé àlàáfíà ni, a kò sì ní rí ètè rẹ̀ tí ó gbẹ. Èyí tí ó tún ṣe pàtàkì jù ni pé ẹni tí kò ní fóònù, tàbí tí kò ní owó tí yóò fi ra dátà, ni ẹni náà gan-an tí àpéjọ wà láti bèèrè. Àpéjọ orí íntánẹ́ẹ̀tì lè kún, kí ó má sì pé.

7. Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Mo fẹ́ dá àbá mẹ́rin, mo sì fi wọ́n síwájú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí àti ẹ̀yin ará Ìkòtún papọ̀.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò kọ̀ọ̀kan mọ àwọn tí ó ń gbé ní òpópónà rẹ̀, àti onílé àti ayálégbé, kí wọ́n sì mọ ìyá arúgbó tí ó ń dá gbé, aboyún, aláàbọ̀ ara, àti ẹni tí owó òòjọ́ ni ó ń jẹ. Kí ìwé orúkọ náà wà lọ́wọ́ àdúgbò fúnra rẹ̀. Kí a má ṣe gbé e fún òṣèlú kankan, nítorí pé ìwé tí a fi ń wá ẹni tí ebi ń pa lè di ìwé tí a fi ń wá ìbò.

Èkejì, kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí yan akẹ́kọ̀ọ́ sí òpópónà láti ìsinsìnyí, nígbà tí ara le. Ẹni tí a kò rí nígbà àlàáfíà, a kì í ṣí ilẹ̀kùn fún un nígbà àrùn. Kí a sì yan akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé ní agbègbè náà, kí iṣẹ́ rẹ̀ má bàa dúró ní ọjọ́ tí a bá ti ẹnu ọ̀nà yunifásítì.

Ẹ̀kẹta, bí òfin bá de àpéjọ ńlá, kí a pín in sí wẹ́wẹ́. Ẹnì kan nínú ilé kọ̀ọ̀kan ni yóò máa bèèrè àwọn ará ilé rẹ̀, yóò sì dúró ní ìta gbangba pẹ̀lú ìbomú rẹ̀ láti jíṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà. Kì í ṣe àpò oúnjẹ tí a pín ni ìròyìn náà yóò máa sọ, bí kò ṣe ẹni tí kò tíì kàn.

Ẹ̀kẹrin ni ti òkú. Ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ni ó sin òbí wọn láìsí ẹni tí ó bá wọn dúró. Kí a ṣètò ṣáájú pé ẹnì méjì tàbí mẹ́ta nínú ẹbí yóò dúró ní òkèèrè láti jẹ́rìí, kí a sì dárúkọ olóògbé ní ìpàdé àdúgbò àkọ́kọ́ tí a bá ṣe lẹ́yìn náà. Òkú tí a kò dárúkọ rẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wúwo lọ́kàn àwọn tí ó fi sílẹ̀.

8. Ìkádìí

Àwọn tí ó ṣe òfin ọdún 2020 rí ewu tí ó wà nínú jíjọ, wọn kò ṣìnà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àṣẹ tí a gbọ́ lórí rédíò nígbà náà, a gbọ́ iye ènìyàn tí kò gbọdọ̀ pọ̀ jù níbi kan, a kò gbọ́ ẹni tí yóò máa bèèrè ẹni tí kò sí. Iṣẹ́ yẹn ni mo rò pé ó jẹ́ ti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìtọ́jú àwùjọ, pẹ̀lú ìyálọ́jà, alájọ, onílé àti ayálégbé gbogbo. Oníṣègùn yóò bèèrè iye ẹni tí àrùn mú. Kí ẹ̀yin máa bèèrè bóyá a pé.

 Kí a má ṣe rí ìdí tí a ó fi lo ẹ̀kọ́ yìí láìpẹ́. Bí ó bá sì di dandan kí a lò ó, kí a má ṣe ku ẹnì kan.